Ìwé àwìn tó di bébà àkàrà

Ojú ewé ìbéèrè yín lórí kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ajé, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, torí ó kàn mí lára.

*Bàbá Oníkọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Irin, sìmẹ́ńtì, ọ̀dà, kárò àti páìpù omi ni mo ń tà ní Ouando níbí. Ọdún kẹtàlélógún rèé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní Àjàrá, ẹ̀kẹta wà ní Pobè, àbúrò mi ọkùnrin ló ń mójú tó ìyẹn. Ìwé la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀: ìwé ọjà tó wọlé, ìwé ọjà tó jáde, ìwé àwìn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tá a fi ń tẹ facture normalisée, ìwé owó ọjà tí ìjọba ní ká máa fún oníbàárà, kọ̀ǹpútà kan sì wà ní Ouando tí akọ̀wé mi ń fi Excel kọ orúkọ àwọn oníbàárà ńlá sí.*

*Àkọ́bí mi parí ìwé ní Kútọnu, ó ti padà wálé láti bá mi ṣiṣẹ́. Ó ní ìtìjú ni kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta máa fi báírò ṣe ìṣirò láyé yìí. Ó mú ọkùnrin kan wá tó fẹ́ ta ètò kọ̀ǹpútà fún wa ní 1.200.000 CFA, ká sì máa san 25.000 lóṣooṣù. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa rí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní, kí ìwé kíkọ sì parí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.*

*Akọ̀wé mi, obìnrin tó ti wà lọ́dọ̀ mi fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sọ pé òun kò fẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti wá, kò bá wa jẹun ọ̀sán mọ́. Àwọn tó jẹ mí lówó lé ní irínwó. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tọ́mọ mi wí? Ṣé ètò ọkùnrin yìí dáa? Báwo ni kí n ṣe ti akọ̀wé mi?*

*Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Ouando*

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu ba oúnjẹ ọ̀sán yẹn. Ká ní ẹ ò kọ ọ́ ni, ǹ bá máa sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ gan-an á sì ti gba ẹ̀yìn wa kọjá.

Ọmọ yín kò ṣìnà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí kò mọ ohun tó kù lọ́wọ́ ara wọn á máa ra ohun tó ti ní, á sì máa lé oníbàárà tó wá fi owó ra ohun tó wà ní Àjàrá. Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù kìíní kọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan kọ́, ẹ má sì tíì fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀.

Èmi náà ti jẹ akọ̀wé ilé ẹrù rí. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ń pè ní òdínátọ̀, báírò pupa àti báírò búlúù ni iṣẹ́ mi, ní ilé ẹrù kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀gá wa rin ìrìn-àjò, ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún, ó gbé kọ̀ǹpútà méjì bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé a fi ìwé ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ Ajé a bá kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló jókòó látàárọ̀ ọjọ́ Àìkú dòru, tí wọ́n ń tẹ orúkọ àti iye gbèsè sínú ẹ̀rọ. Ìwé àtijọ́ ń gbàyè, ọ̀gá ní kí wọ́n kó o kúrò nílẹ̀. Ẹnì kan kó o, ó lọ tà á ní kílò.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ra àkàrà lọ́nà ibi iṣẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fẹ́ fi bébà rẹ̀ nu ọwọ́, ni mo bá rí ìkọ̀wé ara mi. Ojú ewé àwìn ni. Orúkọ másọ̀n kan wà níbẹ̀, iye tó jẹ wà níbẹ̀, àmì róbótó tí mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ sì wà níbẹ̀. Ohun tí àmì yẹn ń sọ ni pé oníbàárà ti san lára owó náà fún ọ̀gá fúnra rẹ̀, kò gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Àwọn ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ kò mọ̀. Wọ́n tẹ iye, wọ́n fo àmì. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń sin àwọn tó ti san ní gbèsè. Másọ̀n yẹn gan-an ti wá, ó ti bú wa níwájú àwọn èèyàn, ó ti lọ di oníbàárà ẹlòmíì. Epo ti gba àárín ojú ewé yẹn, mo sì tọ́jú rẹ̀ di òní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìwé àwìn, tí n kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ètò ọkùnrin yẹn. Màmá, ẹ mú ọjọ́ tí ọjà bá dá, ẹ jókòó ti akọ̀wé yín, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, ẹ ṣí ìwé àwìn. Ẹ máa nàka sí gbogbo ohun tí kì í ṣe orúkọ tí kì í sì í ṣe iye: àmì, ìlà, ìràwọ̀, ibi tó fi báírò pupa fà, ibi tó ká etí ewé. Ẹ bi í kí ni ìkọ̀ọ̀kan ń sọ. Ẹnu á yà yín. Ìràwọ̀ lè jẹ́ “ẹ má tún ta àwìn fún ẹni yìí láéláé.” Ewé tó ká lè jẹ́ “ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ nípa gbèsè yìí, ẹ má pè é lálẹ́.” Kò sí àpótí kan nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ “ọkọ rẹ̀ kò mọ̀” sí, àfi tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é.

Lẹ́yìn náà, orúkọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé Ìyá Ìbejì tó wà nínú ìwé yín ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ní Àjàrá, ọ̀kan lẹ́yìn ọjà Ouando, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti kú, kó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń bá a san. Akọ̀wé yín mọ̀ wọ́n lójú, ó mọ̀ wọ́n lóhùn. Ẹ̀rọ á pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, á sì ní kí ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá san gbèsè ẹni mẹ́ta. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó wọ kọ̀ǹpútà.

Ọjà náà ńkọ́? Bí èdè ṣe pọ̀ nílùú wa yìí, ohun kan náà á máa jẹ́ irin 8 ní Pobè, fer de 8 ní Ouando, kó tún ní orúkọ tí àwọn ará Àjàrá fi Gùn pè é. Kárò àti táìsì àti carreau, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ, á di ọjà mẹ́ta, á sì máa sọ fún yín pé kárò ti tán nígbà tí òkìtì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ yìí kò ṣòro, ó kàn súni ni. Ẹ mú orúkọ kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àwọn orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nọ́ńbà fóònù ló ń pa èmi lẹ́rìn-ín jù, torí ó ti yọ mí lẹ́nu fúnra mi. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá, 01 ló ń ṣáájú gbogbo wọn. Ó dá mi lójú pé ti àtijọ́ ló kún inú ìwé yín. Tí akọ̀wé yín bá fẹ́ pe oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ á fi 01 kún un láìronú. Ẹ̀rọ kò ní ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì ní kí ó tẹ 01 yẹn sínú Excel, òdo iwájú á pòórá, á ku 1, àfi tó bá ti kọ́kọ́ yan “Texte” fún òpó yẹn kó tó tẹ ohunkóhun sí i. IFU àwọn oníbàárà ńlá yín, ìyẹn nọ́ńbà owó orí wọn, náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ni, Excel á sì fún un pọ̀ di nǹkan bíi 3,2E+12. Ẹni tó bá fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀ sí fáìlì CSV láti fi ránṣẹ́ sí olùtà ètò, àwọn nọ́ńbà tó kù ti lọ nìyẹn, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa padà. “Texte” náà ni oògùn rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí kò sí nínú ìwé rárá: náírà. Àwọn tó ń gba ẹnubodè Ìgòlò wọlé láti Nàìjíríà wá rajà lọ́dọ̀ yín ní Pobè kì í fi CFA san nígbà gbogbo. Iye tí ẹ fi ń gbà á lóòjọ́, orí àbúrò yín ló wà. Ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ láràárọ̀? Ẹ dárúkọ ẹni náà báyìí.

Ó wá kan ọjọ́. Mo mọ ìdí tí ọmọ yín fi mú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní: ibẹ̀ ni ọdún ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni àwọn èèyàn ń kọ́lé nílẹ̀ wa? Nígbà ẹ̀rùn ni. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kò gbọdọ̀ dúró. Ìyẹn gan-an ni ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n lò síwájú oníbàárà. Hershey, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà, ná 112 mílíọ̀nù dọ́là lórí ètò tuntun. Iṣẹ́ náà pẹ́, wọ́n wá tan án ní oṣù keje ọdún 1999, nígbà tí àwọn ilé ìtajà ń pèsè sílẹ̀ fún ọdún Halloween tí àwọn ọmọdé ń jẹ súìtì. Ṣokoléètì wà nílé ẹrù, ètò kò jẹ́ kó jáde. Ọjà tó tó 100 mílíọ̀nù dọ́là ni wọn ò rí fi ránṣẹ́. Wọ́n lówó láti fi yè é. Ẹ̀yin ńkọ́?

Oṣù kẹfà ni kí ẹ mú. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan nígbà yẹn, másọ̀n ti gba ilé lọ, ẹ̀yin náà ń jókòó ti ọjà. Kọ́ńtábù yín, ìyẹn oníṣirò owó, á ráhùn díẹ̀ pé àárín ọdún kò bọ́ sí i, pé òun á ní láti gbé iye tó kù láti inú ìwé bọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó ráhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Oṣù kìíní tí ọmọ yín mú kò ní lọ lásán: òfin OHADA, òfin iṣẹ́ ajé tí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè míì nílẹ̀ Áfíríkà jọ ń lò, ti ní kí ẹ ka ọjà yín lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ fi kíka ti ìparí ọdún yìí dánra wò. Ẹ kà á pẹ̀lú àwọn orúkọ tuntun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ibi tí ẹ bá ti ń jiyàn ni ibi tí kò tíì tọ́.

Pobè ni kó kọ́kọ́ wọlé, torí òun ló kéré jù, àbúrò yín sì ni, á fara dà á. Tó bá dúró, kí Àjàrá tẹ̀ lé e ní oṣù keje, ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà, kí ẹ lè ní ọjọ́ díẹ̀ kí ọrún mìíràn tó pé. Ouando ni kó kẹ́yìn. Báńkì TSB ní ìlú Ọba kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ sórí ètò tuntun ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Nígbà tó dàrú, mílíọ̀nù kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò lè dé ibi owó wọn. Nígbà tó fi di oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn àjọ tó ń ṣọ́ báńkì níbẹ̀ bu owó ìtanràn 48,65 mílíọ̀nù pọ́ùn lé wọn. Tí Pobè bá dàrú, Pobè nìkan ló dàrú.

Ẹ má pa ìwé tì lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Kí àwọn méjèèjì jọ máa lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àmọ́ ẹ má ní kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, torí lọ́jọ́ kẹta wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í daakọ ọ̀kan láti inú èkejì, ẹ ò sì ní mọ̀. Iye mẹ́ta péré ni kí ẹ máa fi wéra lálẹ́: owó tó wà nínú àpótí, owó tó gba orí fóònù wọlé, àti àwìn tuntun. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu fún ọjọ́ mẹ́rìnlá tó tẹ̀ léra, ẹ lè ti ìwé. Tí wọn ò bá bára mu lọ́jọ́ mẹ́ta léra, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ padà sí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ báyìí tí ara ṣì balẹ̀, torí lọ́jọ́ náà, ìgbéraga kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fẹ́ sọ pé ká padà.

Ní ti ọkùnrin tó ń ta ètò, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì ní bú u. Ẹ bi í bóyá DGI, iléeṣẹ́ owó orí, ti fọwọ́ sí ètò rẹ̀ fún facture normalisée. Kó tẹ ọ̀kan fún oníbàárà gidi rẹ̀ kan níṣojú yín, kí ọmọ yín fi fóònù yẹ kóòdù QR rẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kó fi IFU yín ṣe ìdánwò lórí ibi gidi o. DGI ní ibi ìdánwò fún àwọn tó ń ṣe ètò. Facture tí ẹ bá tẹ̀ lórí ibi gidi, ọjà tí ẹ tà ni lójú owó orí. Ẹ tún bi í nípa TVA, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà. Iye tí ẹ ń dá fún oníbàárà lẹ́nu, ṣé 18% ti wà nínú rẹ̀? Tí ètò náà bá rò pé kò sí níbẹ̀, á gbé e lé e lórí. Irin tí gbogbo Ouando mọ iye rẹ̀ á ṣàdédé wọ́n lọ́dọ̀ yín nìkan.

Kó sọ fún yín, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni yóò gbé irínwó gbèsè yẹn sínú ẹ̀rọ. 1.200.000 rẹ̀ yẹn, mo rò pé kò sí iṣẹ́ yẹn nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Kó wá ṣe àfihàn ní Pobè, kí ẹ sì yọ íntánẹ́ẹ̀tì lójú rẹ̀. Ètò tí kò lè tajà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, tí kò lè tọ́jú ohun tó tà títí íntánẹ́ẹ̀tì á fi padà, kò wúlò fún Pobè. Bákan náà ni iná. Ẹ ra onduleur, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú lójijì tí iná bá lọ, fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gbàgbé àpótí kékeré tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Kí síìmù ti ilé iṣẹ́ míì wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Kó sọ ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín wà, kó sì dá ọ̀kan padà níṣojú yín sórí kọ̀ǹpútà míì. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí wò rí, ẹ̀dà àfẹnusọ ni.

Ìwọ ọmọ tó wá láti Kútọnu, mo mọ̀ pé wàá ka èyí, ó ṣeé ṣe kó o ti máa bínú sí mi. Má bínú. Ìwọ lo rí ohun tí àwọn àgbà kò rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o mú àlejò wá láti fi ẹ̀rọ hàn, ṣé o sọ fún obìnrin yẹn kí àlejò tó dé? Àbí òun náà kàn rí i ni, bíi ti àwọn oníbàárà? Lọ bá a. Dọ̀bálẹ̀ fún un, kò ní pa ọ́ lára. Lẹ́yìn náà kó o bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ ọ ní ìwé àwìn, ojú ewé kan lójúmọ́, kí ìwọ náà sì kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ lórí ẹ̀rọ.

Màmá, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ohun tí yóò máa ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dé, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Lójú tèmi, òun ni kó ní àṣẹ pé orúkọ kankan kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé òun ti fọwọ́ sí i. Àwọn ìwé yẹn sì, ọdún mẹ́wàá ni OHADA ní kí ẹ fi tọ́jú wọn. Ẹ wá páálí tó le, ẹ kọ ọdún sí i lára, ẹ gbé e sókè níbi tí omi òjò kò lè dé, tí oníkílò kò sì ní rí i.

*Ẹ kú ojúmọ́ sà. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré kan ní Kétu. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ètò fún wa tí a fi ń kọ máàkì àti owó ilé ìwé. Ní báyìí a fẹ́ lọ sórí ètò míì, ó ní kí n san 300.000 CFA kí òun tó kó orúkọ àwọn ọmọ fún mi. Kò sí ìwé àdéhùn láàárín wa. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?*

*Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Kétu*

Ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Èmi náà ará Kétu ni, mo sì mọ̀ pé ẹ fọkàn tán an torí ọmọ ẹnì kan tí ẹ mọ̀ ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìwé àdéhùn wà.

Ẹ má tíì bá a jà. Ṣé ẹ ṣì lè wọlé sínú ètò náà? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, lónìí, kí ẹ tó fèsì fún un, ẹ ṣí kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ kó orúkọ àti máàkì àti owó tó kù jáde sí Excel tàbí CSV. Tí kò bá sí bọ́tìnì fún ìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kódà kó jẹ́ fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà lẹ máa yà. Àtitẹ̀ rẹ̀ padà á gba ọ̀sẹ̀ kan, ó sàn ju kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀.

Iṣẹ́ ìkójáde gba àkókò, tó bá béèrè owó díẹ̀ fún ìyẹn, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ kì í ṣe tirẹ̀ láti fi dógò. Òfin tí à ń pè ní Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, APDP sì ni àjọ tó ń bójú tó o. Ẹ dárúkọ àjọ yẹn fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Tí kò bá gbọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bá a sọ ọ́ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Ní Kétu tí mo mọ̀, ti bàbá ló máa ń yá jù.

Ti ètò tuntun, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí owó tó jáde: pé ẹ̀yin lẹ ni àkọsílẹ̀, pé wọ́n á fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀ lóṣooṣù ní irú èyí tí ètò míì lè ṣí, pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ orúkọ yín kì í ṣe tiwọn, àti pé ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà wà lọ́wọ́ yín.

*Bàbá, aránṣọ ni mí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Fóònù ni mo fi ń kọ ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà mi. Ó ti bọ́ sómi. Fóònù tuntun ni kí n rà ni, àbí kọ̀ǹpútà?*

*Aránṣọ, Ṣábẹ̀ẹ́*

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Má tan án. Má fi sínú ìrẹsì, má sì gbé e sínú oòrùn. Mú un lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, sọ fún un pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lo fẹ́, pé fóònù fúnra rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan fún ọ. Ọ̀nà tó máa gbà tú u yàtọ̀. Kó o tó lọ, bi ara rẹ bóyá ibi tó o kọ ìwọ̀n yẹn sí ń gba àkáǹtì Google rẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, yá fóònù ẹlòmíì, wọ àkáǹtì náà, ó ṣeé ṣe kó o bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, kí omijé rẹ gbẹ.

Kọ̀ǹpútà kò tíì kàn ọ́. Ra fóònù tí agbára rẹ ká, ra ìwé ńlá kan pẹ̀lú. Wọn oníbàárà, kọ ọ́ sínú ìwé, ya fọ́tò ojú ewé náà. Àwọn tó ń bọ̀ wá gba aṣọ ọdún kí wọ́n tó san owó tó kù, tún wọn wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá. Sọ fún wọn pé o fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti sanra.